Òrùka Márùn-ún Inú Wàrà

Àwọn obìnrin Fúlàní tó ń gbé wàrà wọ Abẹ́òkúta mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Wọ́n á gbé mílíìkì màálù kaná, wọ́n á da omi ewé bọmubọmu sí i, wọ́n á fi í sórí iná títí yóò fi dì, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ sínú agbọ̀n kékeré. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ mìíràn lè wà nínú wàrà tí ojú lásán kò rí. Lọ́dún 1999, N. A. Olasupo ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù kéde pé bakitéríà Lactococcus lactis kan tí wọ́n rí nínú wàrà ilẹ̀ wa ń ṣe nisin Z, pẹ́ptáídì tó ń pa bakitéríà mìíràn.

Ẹ wò ó dáadáa. Amino ásíìdì 34 ni bakitéríà náà so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ láti ṣe nisin. Lẹ́yìn náà ló yọ omi kúrò lára díẹ̀ nínú wọn, ó fi imí-ọjọ́ de àwọn kan mọ́ra, òrùka márùn-ún sì jáde. Méjì àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Lipid II ni bakitéríà fi ń mọ ògiri ara rẹ̀; ibi tí fọ́sífétì méjì ti pàdé lára rẹ̀ gan-an ni òrùka méjèèjì ń gbá mú. Lipid II náà ni oògùn vancomycin ń dì mú, ṣùgbọ́n níbòmíràn lára rẹ̀, tí àwọn bakitéríà kan ti mọ bí a ṣe ń pààrọ̀. Ti fọ́sífétì ṣòroó pààrọ̀. Bí nisin bá ti dì í mú tán, ìrù rẹ̀ á gún awọ bakitéríà, ohun inú rẹ̀ á sì máa dà síta. Iṣẹ́ àrà!

Nisin A ni ayé kọ́kọ́ mọ̀. Amino ásíìdì tí à ń pè ní histidine ló wà ní ipò 27 lára rẹ̀. Asparagine ló wà níbẹ̀ lára Z. Ẹyọ kan péré, síbẹ̀ Z ń yòrò ju A lọ nínú omi tí kò kan, ó sì ń tàn kálẹ̀ jù ú lọ.

Oògùn apakòkòrò tí à ń rà lẹ́yọ-lẹ́yọ ní kẹ́míìsì ti ń sọ agbára nù, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Àmọ́ a ò lè gbé nisin mì kó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, torí ikùn á dà á bí oúnjẹ. Bakitéríà táífọ́ọ̀dù sì ní awọ kejì lóde tí kì í jẹ́ kó débi lipid II. Síbẹ̀, ní Cork ní Ireland, àwọn olùwádìí ti pààrọ̀ amino ásíìdì mẹ́ta tó so iwájú nisin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn kan nínú tuntun náà sì lágbára ju ògbólógbòó lọ. Ní Groningen ní Netherlands, wọ́n so ìrù mìíràn mọ́ ọn kó lè la awọ òde yẹn kọjá, ó sì pa E. coli, bakitéríà mìíràn tó ní irú awọ bẹ́ẹ̀, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú yàrá ìwádìí.