Ẹ̀gún Di Ọkọ̀, Ẹ̀gún Di Atukọ̀

Àwọn tó ń kó ère ṣọ́jà àti ọkọ̀ ojú omi kéékèèké jọ nílùú òyìnbó, ti irin tàbí ike ni wọ́n sábà máa ń rà, wọ́n á sì fi ọ̀dà kùn ún. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀gún ni tiwa. Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ni iṣẹ́ fífi ẹ̀gún gbẹ́ ère ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọdún 1930 sí 1939, lọ́wọ́ Justus Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní 1915. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní.

Lára igi àràbà àti igi àtà, àtà tí a fi ń rin ẹnu yìí kan náà, ni ẹ̀gún náà ti ń wá. Bí igi bá ṣe ń dàgbà ni ẹ̀gún rẹ̀ ń nípọn. Òmíràn ju àtàǹpàkò àgbà lọ. Àwọ̀ wọn kò dọ́gba: ọ̀kan funfun díẹ̀, ọ̀kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kan dúdú mọ́ pupa. Agbẹ́gilére kì í kun ọ̀dà. Bó bá fẹ́ kí fìlà dúdú, ẹ̀gún dúdú ni yóò wá lọ.

Ẹ̀gún tó gùn ló ń fi ṣe ọkọ̀. Yóò kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ ha ìdí rẹ̀ kó tẹ́jú, kó lè jókòó láì yí. Yóò gé orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó, yóò wá fi ẹnu abẹ gbẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí bí ọwọ́ bá wúwo, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á là.

Ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀gún kan ṣoṣo kọ́ ló ń di ènìyàn. Ara dá wà, apá dá wà, aṣọ ìdí dá wà. Ojú, imú àti ètè sì gbọ́dọ̀ hàn lára orí tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ apá mọ́ èjìká, yóò dì í mú, yóò dúró. Bó bá tètè fọwọ́ sílẹ̀, apá á wọ́ sísàlẹ̀, atukọ̀ á wá dà bí ẹni tó ti rẹ̀ kó tó gbéra.

Àjẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Ó tín-ín-rín ju igi ìṣáná lọ, ó sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọwọ́ méjèèjì atukọ̀. Gbogbo àjẹ̀ náà á tẹ̀ síhà kan náà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ojú á rí i pé ọkọ̀ náà kò lọ. Wọ́n ń gbẹ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú, wọ́n ń gbẹ́ ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni mo fẹ́ràn jù: àṣìṣe kò ríbi sá pamọ́ sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yí i padà, kí ẹ wo oríkèé apá àti ibi tí ọwọ́ ti di àjẹ̀ mú. Bí gọ́ọ̀mù bá yọ síta níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Bí ẹ bá sì ti gbé èyí tó dáa délé, inú àpótí onídígí ni kí ẹ fi í sí, torí bó bá já bọ́, apá ló máa ń kọ́kọ́ kán.