Ìfẹ́, Ìbálé àti Ojúṣe sí Ẹbí nínú The Narrow Path

Nínú The Narrow Path, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 2006 láti inú The Virgin, ìwé ìtàn àròsọ Báyọ̀ Adébọ̀wálé, ìyà Àwẹ̀ró kò pin sí ọjọ́ tí Dáúdà, ọ̀dọ́kùnrin tó ti Èkó dé, fipá bá a lò. Ìṣòro ńlá ni pé ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ọdẹ́jìmí, ọdẹ tó fẹ́ fi í ṣaya, fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ìgbèríko kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Ìbálé ni ẹbí tọ̀tún-tòsì ń retí lálẹ́ ìyàwó. Nígbà tí ọkọ kò bá a nílé, ìtìjú di ti ìlú, ogun sì ń rùn.

Ó rọrùn láti ka ìtàn yìí sí ìjà ìfẹ́ àti àṣà. Fíìmù Fei Mu láti ilẹ̀ Ṣáínà, Spring in a Small Town (1948), jẹ́ kí a rí i pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yuwen ń tọ́jú Liyan, ọkọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, nínú ilé tí ogun ti bà jẹ́. Ni dókítà Zhichen, ọ̀rẹ́ ọkọ àti olólùfẹ́ Yuwen nígbà kan, bá dé. Kò sí ìyá ọkọ tàbí àgbà ìlú kankan tó ń ṣọ́ ọ. Síbẹ̀, Yuwen dúró, àlejò ló lọ. Inú ọkàn Yuwen ni ojúṣe wà, ohùn òun fúnra rẹ̀ ni a sì fi ń gbọ́ ìjà náà.

Ara Àwẹ̀ró ni wọ́n gbé ojúṣe tirẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ìdákẹ́ rẹ̀ fi lágbára ju gbogbo ariwo ìlú lọ, tí fíìmù náà sì fi rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀ (èyí kò kan ẹwà àwòrán rẹ̀) nígbà tí ọ̀rọ̀ ogun gba ojú ìran: ẹni tí a ṣẹ̀ wá di ohun tí a ń jà lé lórí. Lójú òǹwòran tó háyà yàrá kan ní Ìkòtún tàbí Ìgándò, ní Alímọ̀ṣọ́, aṣọ funfun alẹ́ ìyàwó lè ti di ìtàn. Ìbéèrè ẹbí kò tíì di ìtàn. Wọn a kọ́kọ́ bi ọmọbìnrin léèrè ibi tó ń lọ, kí wọ́n tó béèrè ẹni tó dá a lọ́nà.