Olùṣọ́-Àgùntàn Rere

Oríkì tí Ìwé Mímọ́ fi ki Ọlọ́run pọ̀: Ọba ni, Adájọ́ ni, Àpáta ni. Síbẹ̀, kò sí èyí tó wọ àwọn Kristẹni lára tó Olùṣọ́-àgùntàn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ti há Sáàmù 23, tó pe Olúwa ní olùṣọ́-àgùntàn, sórí. Sáàmù yìí kan náà ni a ń kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, òun náà ni a ń kà létí sàréè.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn oríkì yìí, kó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tó ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni Dáfídì tó kọ Sáàmù náà, àgùntàn Jésè baba rẹ̀ ló sì ń dà kó tó jọba. Téèyàn bá ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kọjú sí ìlà-oòrùn, aginjù Jùdíà ló wà níwájú rẹ̀: òkè olókùúta, àfonífojì jíjìn, ilẹ̀ tí òjò kì í kàn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn òjò ìgbà òtútù ni koríko máa ń yọ níbẹ̀, oòrùn kì í sì pẹ́ gbẹ ẹ́. Àgùntàn kò mọ ibi tí pápá tútù wà, kò mọ ibi tí omi gbé dákẹ́. Olùṣọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Olùṣọ́ á ṣíwájú, agbo á tẹ̀ lé e, nítorí wọ́n mọ ohùn rẹ̀. Ọ̀gọ ló fi ń lé ẹranko búburú, ọ̀pá ló fi ń darí èyí tó bá fẹ́ yà bàrá. Dáfídì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Ọba Sọ́ọ̀lù pé òun pa kìnnìún, òun sì pa béárì, nítorí àgùntàn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a kó agbo sínú ọgbà tí wọ́n fi òkúta tò. Níbi tí kò bá ti sí ìlẹ̀kùn, olùṣọ́ á dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tó bá máa kan àgùntàn, òun ló máa kọ́kọ́ kàn.

Nígbà tí àwọn aṣáájú Ísírẹ́lì, tó yẹ kí wọ́n jẹ́ olùṣọ́ àwọn èèyàn Ọlọ́run, ń pa ẹran tó sanra jẹ, tí wọ́n ń fi irun rẹ̀ bora, tí wọn kò sì bójú tó agbo, Ọlọ́run gbẹnu wòlíì Ìsíkíẹ́lì sọ pé Òun fúnra Òun yóò wá èyí tó sọnù, Òun yóò sì di ọgbẹ́ èyí tó fara pa. Jésù gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó sọ ìtàn ẹni tó ní 100 àgùntàn, tó fi 99 sílẹ̀ lọ wá ẹyọ kan, tó sì gbé e lé èjìká wálé tayọ̀tayọ̀. Àwòrán yìí ni àwọn Kristẹni ìgbàanì yà sára ògiri ibojì abẹ́ ilẹ̀ Priscilla àti Callixtus ní Róòmù, nígbà tí àwòrán Jésù lórí àgbélébùú kò tíì wọ́pọ̀ rárá. Láàárín òkú wọn, olùṣọ́ tó gbé àgùntàn léjìká ni wọ́n fẹ́ máa rí.

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú Sáàmù 23 ni pé kò ṣèlérí pé a kò ní gba àfonífojì òjìji ikú kọjá. Títí dé ibẹ̀, ńṣe ni Dáfídì ń ròyìn Ọlọ́run fún wa. Bí òkùnkùn ti ṣú, ó kọjú sí Ọlọ́run, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá A sọ̀rọ̀. Ìtọ́jú Ọlọ́run nìyẹn: kì í dúró sókè kó máa nawọ́ síni, ó ń bá ni rìn ni.

Ẹ̀yin tí ìjọ ń pè ní olùṣọ́-àgùntàn, iṣẹ́ Rẹ̀ ni ẹ gbà ṣe. Ẹ má fi agbo Rẹ̀ ṣe oúnjẹ. Ìwọ tí ọ̀nà sì ṣókùnkùn fún lónìí, má rò pé Ó ti gbàgbé rẹ. Ké pè É, kí o sì máa tẹ̀ lé E.