Akin Euba: Ta Ni Píánò Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Orin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àmọ́ bí ẹ bá kà á dópin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa akéwì gbọ̀ngbọ̀n.

Èkó ni wọ́n bí Akin Euba sí ní 1935. Ó kọ́ iṣẹ́ orin ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ reédíò ìjọba àpapọ̀, ó sì tún kọjá sí Amẹ́ríkà lọ kàwé sí i. Ó jẹ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀ àti ní fásitì Èkó. Ní 1974, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Legon ní ilẹ̀ Gánà, orí ìlù dùndún ló sì ṣèwádìí lé. Ní 1993, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní fásitì Pittsburgh. Ó kú ní 2020, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ẹ wo ìrìn àjò yẹn: ọkùnrin tó kọ orin fún píánò òyìnbó náà ló jókòó ti àwọn onílù láti mọ bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀.

Kí ló fà á? Ohùn ni. Àwa tí à ń kọ ewì mọ̀ pé igbá kì í ṣe igba, igba kì í sì í ṣe ìgbà. Àwọn tó kọ́kọ́ tú orin ìsìn òyìnbó sí Yorùbá yí ọ̀rọ̀ padà, àmọ́ wọn ò yí ohùn orin padà. Ẹ tẹ́tí sí àwọn orin àtijọ́ yẹn dáadáa: ibi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ gùn lọ sókè, orin á wọ́ ọ wálẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wà lára àwọn tó kọ orin tó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, ó sì gbà wọ́n sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Fela Sowande ní tirẹ̀ gbé orin ilé wọ inú ohun èlò olókùn òyìnbó nínú African Suite rẹ̀ ní 1944. Ojú ọ̀nà tí wọ́n là yìí ni Euba bá.

Ìṣòro tirẹ̀ tún wá le jù. Orin ẹnu lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, píánò ńkọ́? Bí onílù bá fún ọṣán ìyáàlù mọ́ra, ohùn á yọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Píánò ò lè yọ́ ohùn. Ibi tí o bá tẹ̀, ohùn ibẹ̀ náà ló máa dún, ó parí. Ẹni tó bá ní kí píánò ki oríkì ń da ara rẹ̀ láàmú ni o jàre.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára Euba ni pé kò fi tipátipá sọ píánò di ìyáàlù. Ó sọ pé kí wọ́n máa lu píánò bí ìlù: kí ìlù kan máa pààrà, kí òmíràn gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì má jọ rìn. Ó pè é ní African pianism. Lójú tèmi, gúdúgúdú ló sọ ọ́ dà. Gúdúgúdú kì í fọhùn bí ìyáàlù, síbẹ̀ ta ló fẹ́ jó dùndún tí gúdúgúdú ò sí níbẹ̀? Ẹ gbọ́ Igi Nlá So tó kọ ní 1963: ó kó ìlù Yorùbá ti píánò lẹ́gbẹ̀ẹ́, oníkálukú sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú Chaka, ọ́pẹ́rà tó gbé ka ewì Léopold Sédar Senghor, ó pa ohun èlò ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ mọ́ ti òyìnbó.

Àmọ́ ká má parọ́ fúnra wa. Scenes from Traditional Life, tó kọ fún píánò nìkan ní 1970, le. Ọgbọ́n orin òyìnbó ayé òde òní, tí kì í fi ohùn kan ṣe ilé fún ìyókù, ló fi tò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ kí n tó rí ibi tí ẹsẹ̀ mi lè bọ́ sí. Ní Òkìtìpupa níbí, bí o bá gbé aṣíkò Comfort Ọmọge sí i, ìyá àgbà á dìde. Bí o bá gbé Scenes sí i, wọ́n á bi ọ́ pé ṣé iná ló ṣe báyìí ni. Ìgbé ayé ìbílẹ̀ lórúkọ orin náà, àwọn tó ń gbé ìgbé ayé yẹn ò sì dá a mọ̀. Mi ò lè gbójú fo ìyẹn.

Àwọn kan á ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo orin ni ti ijó. Òótọ́ ni. Ifá pàápàá, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹni tí kò gbọ́ Ifá mọ̀ pé Ifá ni wọ́n ń ki, ó sì mọ ẹni tó lè bi. Ta ni ìyá àgbà fẹ́ bi nípa Scenes?

Àwa ńkọ́? Ewì tí à ń kọ sínú ìwé yìí, tí a fi àmì sí lórí-nísàlẹ̀, ta ló ń gbọ́ ọ lẹ́yìn àwa tí a jọ ń ka Yorùbá? Euba fi Igi Nlá So hàn wá pé ohun tí kò lè dá sọ̀rọ̀ lè rí ẹni tó máa bá a sọ ọ́. Nítorí náà, àbá mi rèé: kí ewì tó lọ sọ́dọ̀ oní-fọ́tòkọ́pì, ẹ kà á sétí ẹnì kan tí kò wọ fásitì rí. Bí kò bá yé e, ẹ má tíì fà á ya. Ó lè jẹ́ pé onílù kan ni ewì náà ń wá.