Ọwọ́ Méjì Lára Irin Kan: Lámèyítọ́ lórí Títún Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Àtijọ́ Ṣe Nílé

Ìfáárà

Bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Chevrolet Bel Air ọdún 1957, a ó rí àwo irin pẹlẹbẹ kan lára ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀. Òmíràn wà lára òpó tí ilẹ̀kùn awakọ̀ so mọ́. Bí ti ara òpó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VC57F, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ti gbọ́ oríkì ọkọ̀ náà: V ni ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, C ni ìdílé Bel Air, 57 ni ọdún ìbí, F ni Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan, níbi tí wọ́n ti tò ó. Àwo ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ń sọ ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún àti aṣọ tí wọ́n fi bo àga rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú ọkọ̀ yìí ṣe nílé ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá àwo méjèèjì lóhùn: ṣé ẹni tí oríkì ń kì ni òun yóò dá ọkọ̀ yìí padà sí, àbí òun yóò sọ ọ́ lórúkọ tuntun?

Ìbéèrè yìí ti pín àwọn oníṣẹ́ náà sí apá méjì. Apá kan ń dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́. Apá kejì ń tún un dá: wọ́n ń gé e, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń kùn ún bí ẹnikẹ́ni kò ṣe kùn ún rí. Àwọn ti ìṣáájú ka àwọn kejì sí ọ̀bàyéjẹ́. Àwọn kejì ka àwọn ti ìṣáájú sí olùṣọ́ ibojì. Lójú tèmi, ìjà náà ti ṣi ọ̀nà. Ohun tó yẹ kí alámèyítọ́ wò ni bí ọwọ́ tó dé kẹ́yìn ṣe dá ọwọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lóhùn.

Àṣà àti ṣíṣà

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiọ́dún, nínú ìwé rẹ̀ *Yoruba Art and Language* tó jáde ní 2014, so ọ̀rọ̀ náà “àṣà” mọ́ “ṣà”, ìyẹn ni kí a yan ohun kan láàárín ọ̀pọ̀. Àlàyé yìí tan ìmọ́lẹ̀ sí iṣẹ́ tí a ń wò. Ẹni tó ní òun kàn ń tẹ̀lé bí ọkọ̀ ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ń ṣà. Ọkọ̀ tó ti lo ọgọ́ta ọdún láyé ti gbé ìgbésí ayé púpọ̀: ọjọ́ tó kúrò ní Flint, ọdún tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ fi iná kún un, ọdún tí ọmọkùnrin ilé pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní ọjọ́ Flint ni òun fẹ́ ti yan ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì ti fi ìyókù sílẹ̀. Kò sí àbùkù ńbẹ̀, bí ó bá ṣáà ti mọ̀ pé yíyàn ni òun yàn.

Ọwọ́ tó kọ́kọ́ dé

Ta ló ni ọwọ́ àkọ́kọ́ yìí? Ọdún 1927 ni General Motors dá ẹ̀ka tó ń rí sí ìrísí àti àwọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi Harley Earl ṣe olórí rẹ̀. Kí Amẹ́ríkà tó wọ Ogun Àgbáyé Kejì, Earl àti àwọn ayàwòrán rẹ̀ lọ wo ọkọ̀ òfurufú ogun kan, P-38, tó ní ìrù méjì. Ìrù náà kò kúrò lọ́kàn wọn. Nígbà tó di 1948, Cadillac hu lẹbẹ lẹ́yìn bí ẹja. Nígbà tó fi di 1957, lẹbẹ ti dé ara Bel Air, ọkọ̀ tí apá òṣìṣẹ́ lásán ká. Ọ̀dọ̀ ẹyẹ irin ni ìlà yẹn ti wá, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ náà fi dà bí ohun tó ń sáré níbi tó dúró sí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ayàwòrán nìkan kọ́ ló wà lára rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tò ó, wọ́n a máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà tàbí fa ìlà sí i lára, láti fi hàn pé àwọn ti yẹ ibẹ̀ wò. Ẹni tó bá ń fi sùúrù fọ ọ̀rá dúdú kúrò lábẹ́ ọkọ̀ lè bá irú àmì bẹ́ẹ̀ pàdé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. A ó padà sórí àmì yìí.

Ohun tí àtẹ́lẹwọ́ ń rí

Iṣẹ́ inú ilé kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òòlù. Àpò ọ̀rá kéékèèké, gègé àti fọ́tò ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo bóòtì tó bá jáde gbọ́dọ̀ ní àpò tirẹ̀, kí a kọ ibi tó ti wá sí i lára, nítorí ó lè tó ọdún mẹ́ta kó tó padà síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìpẹtà yóò fi ara hàn. Lára Bel Air, ó fẹ́ràn òkè iná iwájú, níbi tí ẹrẹ̀ ń kó sí. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn níbi tí omi kò ti rí ọ̀nà jáde. Ohun tó hàn lójú òde kéré sí ohun tó ti jẹ nínú. Bí a bá ń fi abẹ rẹ́ ọ̀dà kúrò, ihò tó tó orí abẹ́rẹ́ a di ihò tí ìkúùkù ń wọ̀.

Ibi tí irin bá ti dógùn-ún, wọ́n á gé e títí wọn ó fi kan irin tó yè, wọ́n á fi pátákó irin tuntun dí i. Ajórin tí kò ní sùúrù yóò jó o lọ láìdúró, ooru yóò sì ká irin náà bí ewé tí oòrùn pa. Èyí tó mọṣẹ́ yóò jó ẹyọ kan níhìn-ín, yóò jó ẹyọ kan lọ́hùn-ún, yóò dúró kó tutù, títí àwọn ẹyọ náà yóò fi pàdé. Lẹ́yìn náà ni yóò fi òòlù lù ú lókè, tí yóò sì gbé irin mìíràn tì í nísàlẹ̀, kí ìlà lè padà sípò.

Àríyànjiyàn ńlá wà lórí ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tí a jó. Àwọn kan ní òjé yíyọ́ nìkan ló jẹ́ òtítọ́, pé irọ́ ni bọ́dì fílà tí wọ́n ń po bí àmàlà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi òjé bo ibi tí òrùlé ọkọ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bo ojú oríkèé kí ìlà má bàa já. Bíbo nǹkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a bo ìdíbàjẹ́ mọ́lẹ̀. Fílà tó nípọn bí aṣọ lórí irin tó yè kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òjé olówó iyebíye lórí ìpẹtà ń parọ́.

Ọ̀dà ni ìdánwò tó kẹ́yìn. Wọ́n á fẹ́ ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀dà ìpìlẹ̀, wọ́n á wá fi pátákó gígùn tí wọ́n we sánpépà mọ́ yún un lọ, yún un bọ̀. Ibi tí dúdú bá ṣẹ́kù sí, kòtò wà níbẹ̀. Ibi tí irin bá tètè yọ, òkè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n á pa ojú dé, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo ara ọkọ̀, nítorí ohun tí ojú gbà láyè, ọwọ́ kò ní gbà á.

Yíyàn kan ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Bel Air yìí ní àpò epo bírékì kan ṣoṣo fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: bí epo bá jò lójú kan, gbogbo bírékì lọ nìyẹn. Nígbà tó di 1968, òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí a pín in sí méjì. Ṣé ẹni tó fi oníméjì sí ọkọ̀ 1957 ti ba oríkì jẹ́? Àwọn baba wa ní ìwà lẹwà. Ìwà ọkọ̀ ni pé kó gbé ènìyàn lọ, kó sì gbé e bọ̀. Ẹni tó bá dáàbò bo ìwà náà kò tíì ṣẹ̀ sí ẹwà.

Mercury tí wọ́n gé lórí

Ní 1952, ọlọ́kọ̀ kan, Bob Hirohata, gbé ọkọ̀ Mercury ọdún 1951 lọ sọ́dọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Barris, Sam àti George, tí wọ́n ń tún ọkọ̀ dá ní Kalifọ́níà. Sam gé òrùlé rẹ̀ kúrú, ínṣì mẹ́rin níwájú, ínṣì méje lẹ́yìn, ó sì yọ òpó àárín kúrò. Ẹ wo ìyàtọ̀ iye ínṣì náà dáadáa. Bó bá gé e dọ́gba, fìlà tó kéré jù fún orí ni ìbá dà. Nítorí pé ó gé ẹ̀yìn ju iwájú lọ, òrùlé náà ń ṣàn wálẹ̀ sẹ́yìn bí omi. Ìlà yíyí tó wà lára Mercury láti ìbẹ̀rẹ̀ ló tẹ̀ lé, ó kàn mú un dé ibi tí ilé iṣẹ́ kò mú un dé.

Ọkọ̀ náà tà bí ọkọ̀ àlòkù lásán nígbà tó yá. Ní 1959, ọ̀dọ́langba kan rà á ní 500 dọ́là, ó gbé e sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì dá a padà níkẹyìn sí bí Sam ṣe fi í sílẹ̀. Ní 2022, ó tà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Ìtàn yìí ló tú apá méjèèjì ká. Ohun tí ọkùnrin yìí dá padà ni àtúndá gan-an. Àrà òní a di oríkì lọ́la.

Òdòdó lórí Impala

Òfin Kalifọ́níà kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1958 ní kí ara ọkọ̀ tí a tún ṣe má ṣe rẹlẹ̀ ju etí ìsàlẹ̀ rímù lọ. Ní 1959, ọlọ́kọ̀ kan, Ron Aguirre, dáhùn pẹ̀lú Corvette rẹ̀: ó fi páńpù epo tó ń gbé ọkọ̀ sókè, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, sí i. Bí ọlọ́pàá bá ń bọ̀, ọkọ̀ dìde. Bó bá kọjá, ọkọ̀ padà wálẹ̀. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà sọ ọgbọ́n yìí di ijó lójú títì Whittier Boulevard ní ìlà-oòrùn Los Angeles.

Níbẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ kan, Jesse Valadez, ti fi Chevrolet Impala ọdún 1964 ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní *Gypsy Rose*. Impala ọdún náà gùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Walt Prey, ẹni tó kùn ún, lo ẹ̀gbẹ́ títẹ́ yẹn bí aṣọ tó ń dúró de aládìrẹ: ó fọwọ́ ya òdòdó rósì sí i lára káàkiri. Ẹni tó bá ní òdòdó náà ti pọ̀ jù kò tíì wo ohun tí wọ́n gbé e lé. Lórí ọkọ̀ onílẹbẹ bíi Bel Air, ariwo ni ìbá jẹ́. Lórí Impala yìí, ó bá ilẹ̀ tó tẹ́jú pàdé. Ní 2017, wọ́n gbé e lọ sí pápá National Mall ní Washington, wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ọkọ̀ ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Òfin 1958 yẹn wá kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024.

Erékùṣù tí páàtì kò dé

Ní Kúbà, àìní ló ń ṣe yíyàn. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti dá òwò dúró pẹ̀lú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, páàtì tuntun kò wọlé mọ́. Títí di 2011, àwọn ọkọ̀ tó ti wà nílùú ṣáájú ìyípadà ìjọba 1959 nìkan ni ará ìlú lè tà tàbí rà ní fàlàlà. Wọ́n wá fi ẹ́ńjìnnì dísù láti Japan tàbí Rọ́ṣíà sínú Chevrolet, wọ́n sì ń fọwọ́ rọ páàtì tí kò sí. Ní erékùṣù yìí kan náà ni àwọn ọmọ Lukumí, tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, ti ń bọ Ògún, òrìṣà irin tí baba wọn gbé la òkun kọjá. Ọkọ̀ tó ń gbé èrò láràárọ̀ ní Havana kò ní gba ẹ̀bùn kankan lọ́wọ́ adájọ́ ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ tó ń wá bóòtì ọjọ́ Flint. Síbẹ̀, kò sí ibi tí ọwọ́ kejì ti dá ọwọ́ àkọ́kọ́ lóhùn kedere tó ibẹ̀: ọkọ̀ ní òun fẹ́ rìn, wọ́n sì mú un rìn.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí àmì ṣọ́ọ̀kì. Àwọn kan tó ń dá ọkọ̀ padà a máa fi ọwọ́ ara wọn tún irú àmì bẹ́ẹ̀ kọ, kí adájọ́ lè rí i kí ó sì fún wọn ní máàkì. Níhìn-ín ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn wọn. Àwọ̀, ìlà àti aṣọ àga jẹ́ ohun tí ilé iṣẹ́ gbé kalẹ̀ fún gbogbo ayé. A lè tún wọn ṣe láìparọ́. Àmì náà jẹ́ ohùn ẹnì kan tó dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó wo ibẹ̀, tó sì ní ó dára. Bí ó bá ṣì wà, kí a fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti parẹ́, kí ojú ibẹ̀ wà lófìfo. A lè gbe orin lẹ́yìn olórin àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a kì í sọ ohùn tiwa di tirẹ̀.