Ta Ló Fà Á, Àbí Kí Ló Fà Á? Ìdí Àjàkálẹ̀ Àrùn Nínú Fíìmù Mẹ́ta

Ìfáàrà

Ìbéèrè méjì ni Yorùbá máa ń bèèrè nígbà tí àìsàn bá wọ ilé. Èkínní ni 'Kí ló fà á?' Èkejì ni 'Ta ló fà á?' Wọ́n jọra létí, ṣùgbọ́n ibi tí ìdáhùn wọn ń gbé ènìyàn lọ yàtọ̀. Ẹni tí ó bèèrè èkínní lè rí omi, ẹ̀fọn tàbí oúnjẹ. Ẹni tí ó bèèrè èkejì, ojú ènìyàn ni ó ń wá.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni bí fíìmù mẹ́ta tí ó sọ ìtàn àjàkálẹ̀ àrùn ṣe dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí: Outbreak tí Wolfgang Petersen darí (1995), Contagion tí Steven Soderbergh darí (2011), àti 93 Days tí Steve Gukas darí (2016). Àwọn méjì àkọ́kọ́ wá láti Amẹ́ríkà. Èkó ni ibùdó ìtàn ẹ̀kẹta. Èrò bébà yìí ni pé ibi tí olùdarí bá fi ìdí àrùn sí nínú àhunpọ̀ ìtàn ni ó ń pinnu ẹni tí òǹwòran yóò dá lẹ́bi, ju ohunkóhun tí àwọn ẹ̀dá ìtàn fi ẹnu sọ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọnà lásán. Ẹni tí ìlú bá dá lẹ́bi nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kì í pẹ́ jìyà: onílé lè lé e jáde, ọlọ́jà lè kọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá tán.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó wúlò fún irú àyẹ̀wò yìí. Àrùn lè jẹ́ àmúwá, èyí tí Ọlọ́run mú wá. Ó lè jẹ́ àfọwọ́fà, èyí tí aláìsàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ó sì lè jẹ́ àfiṣe, èyí tí ọ̀tá fi ṣe ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bá ìṣe fáírọ́ọ̀sì mu tán, ṣùgbọ́n fíìmù tí ó bá ń wá ẹni tí òǹwòran yóò bínú sí kì í ṣàì lo ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀bọ Zaire

Igbó ilẹ̀ Zaire ni Outbreak ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1967, ní àfonífojì odò kan tí fíìmù náà pè ní Motaba. Àrùn ń pa àwọn jagunjagun tí wọ́n ń gba owó jà nínú àgọ́ wọn. Àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò, wọ́n ṣèlérí ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì ju bọ́ǹbù sí àgọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, ọ̀bọ kan láti igbó náà dé Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin kan jí i gbé láti lọ tà á, àrùn sì bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Cedar Creek ní ìpínlẹ̀ California.

Ó yẹ kí lámèyítọ́ ṣe òdodo sí fíìmù yìí. Kò fi Áfíríkà nìkan ṣe ẹlẹ́bi. Àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà ni ó fi fáírọ́ọ̀sì náà pamọ́ láti fi ṣe ohun ìjà, McClintock tí ó ju bọ́ǹbù sí àgọ́ Zaire ni ó sì tún fẹ́ ju òmíràn sí Cedar Creek. Ṣùgbọ́n ìwà ìkà àwọn ọ̀gágun kò ṣàlàyé bí àrùn ṣe wá. Ìdí tí ìwòsàn fi pẹ́ ni ó ṣàlàyé. Orísun àrùn kò yí padà: igbó Áfíríkà, ara ọ̀bọ. Ọ̀bọ náà gan-an ni ó sì tú àṣírí àìbìkítà àwọn tí ó ṣe fíìmù yìí. Capuchin ni irú rẹ̀, kò sì sí capuchin kan nínú igbó Áfíríkà. Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé wọn. Ọ̀bọ ará Amẹ́ríkà ni wọ́n sọ di ará Zaire. Lójú ẹni tí ó ya fíìmù náà, ọ̀bọ ni ọ̀bọ, igbó ni igbó.

Ohun kan wà nínú Outbreak tí ó ṣe pàtàkì ju ọ̀bọ lọ, bí kò tilẹ̀ gba àkókò púpọ̀. Nígbà tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà dé abúlé tí àrùn ti ṣọṣẹ́, oníṣègùn ìbílẹ̀ kan wà nítòsí, wọ́n sì túmọ̀ èrò rẹ̀ fún wọn. Àwọn òrìṣà ń sùn. Àwọn ènìyàn wá gé igi níbi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ ènìyàn dé. Àwọn òrìṣà jí, wọ́n bínú, àrùn sì ni ìjìyà. Àwọn dókítà gbọ́, wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìgbàgbọ́ asán ni fíìmù náà fẹ́ kí òǹwòran ka ọ̀rọ̀ yìí sí, ohun tí yóò mú kí igbó náà túbọ̀ jọ igbó.

Ẹni tí ó mọ ìtàn Ṣọ̀pọ̀nná nílẹ̀ Yorùbá kò ní tètè kọjá níbẹ̀. Kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní 1980 pé àrùn náà ti tán láyé, Ilẹ̀ẹ́gbóná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, nítorí pé wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an. Orúkọ àpọ́nlé yìí gbé ọ̀rọ̀ lé ilẹ̀. Kò gbé e lé ẹni tí ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ àìsàn. Èyí kò fi hàn pé ìgbàgbọ́ náà wo ẹnikẹ́ni sàn, ó sì dájú pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó lé àrùn náà lọ. Ohun tí ó fi hàn ni pé ènìyàn lè wá ìdí àrùn láìwá ọ̀daràn. Petersen rí ọ̀nà yìí, ó sì fi í sí ẹnu ẹ̀dá ìtàn tí kò fẹ́ kí òǹwòran gbà gbọ́.

Ọjọ́ Kìíní

Ohun tí oníṣègùn yẹn sọ ní 1995 ni Contagion fi ṣe àlàyé sáyẹ́ǹsì ní 2011.

Inú òkùnkùn ni fíìmù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Òǹwòran gbọ́ ikọ́ kí ó tó rí ẹni tí ó ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni àkọlé hàn: Ọjọ́ Kejì. Beth Emhoff ń ti Hong Kong bọ̀ wálé, ó sì dúró ní pápákọ̀ òfurufú Chicago. Kámẹ́rà kò fẹ́ kúrò lára ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn, ìbáà ṣe abọ́ ẹ̀pà, ìbáà ṣe káàdì tí ó fi sanwó. Kò pẹ́ tí ó fi kú ní Minneapolis, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì kú tẹ̀lé e. Òǹwòran tún gbọ́ pé ó pàdé àlè rẹ̀ àtijọ́ ní Chicago kí ó tó dé ilé ọkọ. Níbí ni fíìmù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú àfọwọ́fà: obìnrin ṣe àgbèrè, obìnrin kó àrùn wọlé. Òǹwòran tí ó bá dìde kúrò lórí àga ní ìdajì fíìmù lè gbé èrò yìí lọ sílé.

Ṣùgbọ́n Soderbergh àti Scott Z. Burns tí ó kọ eré náà ti fi Ọjọ́ Kìíní pamọ́ di ìparí. Lẹ́yìn tí àjẹsára ti dé, tí ara ti ń tu àwọn tí ó kù, ni wọ́n mú òǹwòran padà sẹ́yìn. Katakata ń wó igi nínú igbó. Àdán tí ó pàdánù ibùgbé rẹ̀ fò lọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì fò lọ sókè ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ègé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan jẹ ẹ́. Wọ́n ta ẹlẹ́dẹ̀ náà, ó dé ọwọ́ alásè ní ilé tẹ́tẹ́ kan ní Macau. Wọ́n pe alásè jáde nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹran; ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bọ Beth lọ́wọ́ láti ya fọ́tò. Àkọlé hàn: Ọjọ́ Kìíní. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó sọ̀rọ̀.

Àròsọ yìí ní gbòǹgbò. Ní Malaysia, láàárín 1998 sí 1999, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fún lórúkọ Nipah ti ara àdán bọ́ sára ẹlẹ́dẹ̀ níbi tí igi eléso ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀, ó ti ara ẹlẹ́dẹ̀ dé ara ènìyàn, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Ọ̀mọ̀wé W. Ian Lipkin, onímọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì, wà lára àwọn tí ó gba olùdarí nímọ̀ràn.

Ohun tí ó gbé Contagion ga ju Outbreak lọ ni àmì tí ó wà lára katakata náà. Àmì ilé iṣẹ́ tí Beth ń ṣiṣẹ́ fún ni. Obìnrin tí òǹwòran ti ń fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wò láti Chicago kò fi àgbèrè fa ohunkóhun. Síbẹ̀, owó oṣù rẹ̀ àti igi tí ó wó ti inú àpò kan náà jáde. Èyí kì í ṣe àmúwá, kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í sì í ṣe àfiṣe. Ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ oníṣègùn Zaire ju bí Petersen ì bá ti fẹ́ lọ.

Kì í ṣe pé fíìmù náà kò lábùkù. Ọwọ́ alásè ará Éṣíà tí kò wẹ̀ ni ó ṣì kẹ́yìn nínú ẹ̀wọ̀n náà, ọwọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ òǹwòran yóò sì rántí. Àbùkù kejì ṣòro jù. Kò sí ẹ̀dá ìtàn kan tí ó mọ ohun tí òǹwòran rí ní ìparí. Nínú ayé ìtàn náà, àrùn lọ, katakata sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ní ti Alan Krumwiede, tí ó ń polówó oje forsythia fún àwọn tí ẹ̀rù ń bà, ẹni tí ó wà ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ 2014, nígbà tí àwọn ènìyàn ń fi omi iyọ̀ wẹ̀, tí wọ́n ń mu ún, tí orógbó sì di oògùn Ebola, kò nílò àlàyé lórí rẹ̀.

Arìnrìn-àjò

93 Days kì í ṣe àròsọ. Ní 20 oṣù Keje 2014, Patrick Sawyer ti Liberia wọ Èkó, ó ń lọ sí ìpàdé kan ní Calabar. Ó ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Obalende. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura pé Ebola ni, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí àwọn ènìyàn tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Adadevoh kú ní 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Ní 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 93 ni, bí ènìyàn bá ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń ka ọrún.

Bimbo Akintola tí ó ṣe Adadevoh kò pariwo, kò sì sọ ara rẹ̀ di akọni. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe. Somkele Iyamah-Idhalama tí ó ṣe Dókítà Ada Igonoh jẹ́ kí òǹwòran mọ bí ó ti rí kí ènìyàn fi agbára mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà nígbà tí ikùn ń kọ̀ ọ́. Gukas kò jẹ́ kí aláìsàn di ìwín, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rí nínú Outbreak. Fún ìdí yìí nìkan, fíìmù náà yẹ ní wíwò.

Ṣùgbọ́n ibo ni àrùn ti wá? Nínú 93 Days, inú ọkọ̀ òfurufú ni. Ọ̀rọ̀ líle ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ sí Sawyer ní 2014, Keppy Ekpenyong tí ó ṣe é nínú fíìmù sì fún un ní ìbẹ̀rù àti ìbínú tí ó jẹ́ kí ó jọ ènìyàn. Síbẹ̀, àhunpọ̀ ìtàn náà kò fún òǹwòran ní ìdáhùn míràn yàtọ̀ sí i: òun ni ó gbé e wá. Ìlú wà ní àlàáfíà, àlejò wọlé, ìlú dàrú, ìlú bọ́. Bí Liberia bá gba ipò Zaire, tí Èkó sì gba ipò Cedar Creek, àhunpọ̀ kan náà ni. Ohun tí Hollywood fi ṣe Áfíríkà ni Èkó fi ṣe aládùúgbò rẹ̀, láìní ìkà nínú, bóyá láìmọ̀ pàápàá.

Àwọn kan lè sọ pé orúkọ fíìmù náà ti fi ààlà sí i, pé ẹni tí ó ń sọ ìtàn ọjọ́ 93 kò jẹ gbèsè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ààlà yẹn, Èkó ní ìdí tirẹ̀. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ti ń yanṣẹ́ lódì láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje 2014. Ìyẹn ni ó mú kí aláìsàn náà dé ilé ìwòsàn aládàáni tí wọn kò kọ́ fún irú àrùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú àrùn wọlé yàtọ̀ sí ohun tí ó mú kí ó ràn. Ti èkínní wà nínú ọkọ̀ òfurufú, ti èkejì wà nílé. Kì í ṣe orí èyí ni fíìmù náà dúró lé. Bákan náà ni ti àwọn tí ó lọ láti ilé dé ilé wo àwọn tí ó súnmọ́ aláìsàn, ènìyàn bíi 900, nínú ìbẹ̀wò tí ó lé ní 18,000. Iṣẹ́ wọn ni ó dá àrùn náà dúró, ṣùgbọ́n ojú wọn kò hàn tó ojú àwọn dókítà. Fíìmù tí ó ń dáhùn 'Ta ló fà á?' kò lè ṣàì dáhùn 'Ta ló gbà wá?' pẹ̀lú orúkọ ẹnì kan.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣì kù fún àwọn olùdarí: pé kámẹ́rà kò lè ya ètò tàbí ìṣòwò, ojú ènìyàn ni ó lè yà. Contagion ti dáhùn èyí. Katakata ṣeé yà. Ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa nítorí ìyanṣẹ́lódì ṣeé yà. Ìbẹ̀rẹ̀ àjàkálẹ̀ Ebola yẹn pàápàá, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 11,000 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣeé yà. Abúlé Méliandou ni ní Guinea, ní oṣù Kejìlá 2013, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta sì ni ó kọ́kọ́ kú. Igi ńlá oníhò kan wà nítòsí ilé wọn, àwọn àdán wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé a sì máa ṣeré níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé abúlé náà ní 2014 láti yẹ igi náà wò, wọ́n bá a ní jíjó.