J. P. Clark àti Ìtàn Ozidi

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. P. Clark jáde láyé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ewì rẹ̀ lórí ìlú Ìbàdàn ni ó gba ẹnu ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ìwé. Kò burú. Ìlà márùn-ún péré ni, ọmọ ilé-ìwé tí ó bá kọ́ ọ kì í gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyìn bá parí síbẹ̀, ewé kan ṣoṣo ni wọ́n fi bo erin.

Erin náà ni Ìtàn Ozidi. Ní Ìbàdàn yìí kan náà, ní 1963, ni Okabou Ojobolo, àgbà onítàn ọmọ Ijaw, ti fi òru méje sọ ìtàn akọni náà fún àwọn ará ilé rẹ̀ tí ń gbé ìlú náà, tí Clark sì fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Eré orí ìtàgé tí Clark fi ìtàn náà kọ jáde ní 1966. Eré náà dára, àmọ́ ohùn Clark ni ó ga jù níbẹ̀. Nínú ìwé ńlá ti 1977, Okabou fúnra rẹ̀ ni ń sọ̀rọ̀: èdè Ijaw ní ojú ewé kan, Gẹ̀ẹ́sì ní ìkejì. Àwọn olùgbọ́ ń já lu ọ̀rọ̀, wọ́n ń bèèrè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Clark kò yọ wọ́n kúrò. Ìwé náà wúwo, kíkà rẹ̀ sì gba sùúrù, bóyá ìdí nìyí tí àwọn adárò fi fò ó. Orúkọ Okabou wà níwájú ìwé náà. Clark ni ó fi í síbẹ̀.